Bí A Ṣe Gbé Eré Ogun Kírìjì Jáde ní Òkèmẹ̀sí Láìsanwó fún Eléré Kankan

Ohun tí mo fẹ́ ròyìn níhìn-ín ni bí ẹgbẹ́ eléré wa, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í gbowó, ṣe gbé eré kan lórí ogun Kírìjì jáde ní Òkèmẹ̀sí-Èkìtì ní òpin ọdún, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi wálé ọdún. Èmi ni olùdarí eré náà; èmi náà ni mo ń pe ìpàdé, tí mo ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn, tí mo sì ń lọ bẹ baálé ilé kí ó jẹ́ kí aya rẹ̀ wá. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan irú iṣẹ́ yìí rí á mọ̀ pé eré ṣíṣe fúnra rẹ̀ kọ́ ni ó nira jù. Ẹni tí a kò sanwó fún lè sọ lọ́jọ́kọ́jọ́ pé oko ni òun ń lọ, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Nítorí náà, àkókò àwọn ènìyàn ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ètò, láti orí yíyan ìtàn títí dé orí dídá ìlù tí a yá padà.

Ìtàn ni a kọ́kọ́ yàn. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ fẹ́ kí a mú ìwé eré tí wọ́n kà nílé ẹ̀kọ́, kí a sì há a sórí. Mo sọ fún wọn pé òfin kópíráìtì ti 2022 fi iṣẹ́ oǹkọ̀wé sí ìkáwọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì tún fi í sí ìkáwọ́ àwọn àrólé rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ ní gbangba ní láti kọ̀wé tọrọ àṣẹ, kí ó sì ní sùúrù de èsì. Ìtàn ìlú ẹni kò ní irú ìdádúró bẹ́ẹ̀. Ìtàn Fábùnmi sì wà nílẹ̀ ní Òkèmẹ̀sí, ìlú tí wọ́n ń pè ní Ìmẹ̀sí-Ìgbódò nígbà ayé rẹ̀: bí ó ṣe pa ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tí Ìbàdàn fi sílùú, nígbà tí ara kò gba ìwọ̀sí mọ́, bí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ṣe para pọ̀ dojú kọ Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì, tí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì di ọ̀gágun wọn, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 23 Oṣù Kẹsàn-án, 1886. Kò sí ọmọ ìlú tí kò tíì gbọ́ nínú rẹ̀, èyí sì gé iṣẹ́ kúrú fún wa, nítorí pé ẹni tó ti mọ ìtàn kò ní láti há ìtàn sórí mọ́.

Ọmọ Òkèmẹ̀sí náà ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tíṣà tó di ọ̀gá eléré aláàrìnkiri, tí wọ́n bí ní 1925 tó sì kú ní 1973. Láyé àwọn Ògúnmọ́lá, orin ni eléré máa ń tò pẹ́kípẹ́kí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ sísọ ni olúkúlùkù ń fi ẹnu ara rẹ̀ gbé kalẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni mo yá lò. Mo kọ orin, mo kọ ọ̀rọ̀ tí ìtàn so mọ́, irú èyí tí Fábùnmi sọ lẹ́yìn tí ó pa ajẹ́lẹ̀ tán. Ìyókù, mo kàn kọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ìran tó parí, mo sì fi sílẹ̀ fún eléré láti wá ọ̀rọ̀ tí yóò gbé e débẹ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a mú obì lọ fi ètò náà tó ààfin létí, lẹ́yìn náà ni a lọ jókòó ti àwọn àgbà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi ti pàdé wa. Agboolé kan ní bàbá ńlá àwọn ni ó kọ́kọ́ gbé idà tẹ̀lé Fábùnmi. Agboolé kejì ní irọ́ ni, ilé àwọn ni wọ́n ti pète gbogbo rẹ̀. Àwọn agboolé méjèèjì yìí sì ni yóò jókòó ní iwájú lọ́jọ́ eré. Ọmọ ẹgbẹ́ kan gbà wá nímọ̀ràn pé kí a yọ ibẹ̀ kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n mo kọ̀, nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń dun ènìyàn ni eré ti ń dùn. Ohun tí a ṣe ni pé a fi jagunjagun àgbà méjì sínú eré, àwọn tí wọ́n jókòó sídìí ẹmu lẹ́yìn ogun, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ pé òun ni òun síwájú, tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bu ẹmu fún wọn sì ń wo ẹnu àwọn méjèèjì bí ẹni tó ń wo ọjọ́ tó ṣú láìrọ̀. Bí agboolé méjèèjì ṣe gbọ́ ohùn ara wọn nínú rẹ̀ nìyẹn, tí kò sí ẹni tó bínú jáde.

Ní ti ọjọ́ ìdánrawò, mo mú bébà, mo kọ ọjọ́ méjèèje sí i, mo sì ń pa èyí tí kò ṣeé lò rẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ jẹ́ ti àwọn Mùsùlùmí wa. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ti ẹ̀kọ́ Bíbélì àti ti ẹgbẹ́ akọrin, ta ni yóò sì bá akọrin Èkìtì du ọjọ́ ìdánrawò orin? Àwọn tó ń tajà ń tẹ̀lé ọjọ́ ọjà, èyí tó ń bọ́ sí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀. Gbogbo àlejò ló máa ń dábàá Sátidé, onílé sì mọ̀ pé ọjọ́ òkú àti ọjọ́ ìgbéyàwó ni Sátidé, pé nínú ẹni mẹ́wàá tó bá ṣèlérí, mẹ́ta ni yóò wá, èyí ẹ̀kẹta yóò sì gbé ìrẹsì inú kúlà dání. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn oúnjẹ ni ó kù. Oṣù Kẹsàn-án ni a bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìkórè iṣu tuntun, kí oko má baà gba àwọn ọkùnrin lọ́wọ́ wa.

Ọjọ́ tó dára nìkan kò tó. Ohun tó ń lé àwọn tó ń fi ara wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí wọ́n wá, kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí méjì láìsọ ọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n tó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Nítorí náà, mo pín eré sí ìran-ìran, ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá kàn nínú ìran tí a fẹ́ ṣe, a kì í pè é. Bí aago mẹ́rin bá lù, a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó bá wà nílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ onílù nìkan. Bí aago mẹ́fà bá lù, a tú ká, kódà bí ìran náà bá ń dùn lọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn kò kọ́kọ́ gbà gbọ́, òun náà ni ó sì jẹ́ kí àwọn ọkọ fọkàn tán wa, nítorí pé aya wọn ń délé ní àsìkò tí a sọ. Àwọn ọmọdé kò wọ ẹgbẹ́ àfi bí òbí wọn bá wá fúnra wọn wá sọ fún mi pé àwọn gbà, ìran tiwọn ni a sì ń kọ́kọ́ ṣe.

Àwọn tó wá pọ̀ ju bí mo ti rò lọ: tíṣà, aránṣọ, bíríkìlà, ọlọ́kadà, nọ́ọ̀sì kan, àti agùnbánirọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn. Lójú ẹsẹ̀ ni mo fi agùnbánirọ̀ náà ṣe ajẹ́lẹ̀. Ìbàdàn ló ń sọ, àwọn tó kù ń sọ Èkìtì, bí ó bá sì ti lanu pàṣẹ ni inú àwọn àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í ru, láìjẹ́ pé mo kọ́ ọ ní ohunkóhun. Àwọn tó ti inú eré ṣọ́ọ̀ṣì wá ni ó gbà wá ní wàhálà díẹ̀. Ẹ̀bùn wọ́n ní, ohùn wọ́n ní, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wọn lára láti kọjú sí ìjọ kí wọ́n sì wàásù nígbà tí ìran bá ń parí. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ kí Ògèdèǹgbé gba àwọn òǹwòran níyànjú pé kí wọ́n ronú pìwà dà! Mo ní kí ẹni méjì máa di ara wọn lọ́wọ́ mú bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, títí wọ́n fi kọ́ láti máa wo ojú ara wọn.

Gbogbo ẹni tó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni mo yan igbákejì fún, mo sì sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé yóò ṣe ipa náà nínú ìdánrawò kan nínú mẹ́rin, yálà ọ̀gá wá tàbí kò wá. Igbákejì tí kò bá rí ààyè ṣe nǹkan kì í pẹ́ lọ. Fún àwọn tí ìwé kíkà kò yá lọ́wọ́ wọn, mo ka ọ̀rọ̀ wọn sórí fóònù, mo sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ìyá kan tó ń dín àkàrà fi fóònù rẹ̀ ti agbada, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá Fábùnmi bí ó ti ń dà á sínú epo, òun sì ni ó kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìkù síbì kan nínú gbogbo wa.

Gbọ̀ngàn kì í ṣófo nígbà gbogbo, pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a sì ti ń dánra wò. Mo fi okùn wọn ìtàgé gbọ̀ngàn, mo sì fi eérú fa ìwọ̀n kan náà sórí ilẹ̀ pápá, pẹ̀lú ibi tí ẹnu ọ̀nà méjèèjì wà. Láìsí eérú yẹn, ogún jagunjagun yóò ti kọ́ láti máa sáré ní gbangba oko, wọn yóò sì ya lu ara wọn lọ́jọ́ eré.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni ó gba àkókò jù. Káfíńtà kan ti gbẹ́ ìbọn igi fún wa nígbà tí ọdẹ àgbà kan wá wo wa, tí ó mi orí.

“Tíṣà,” ó ní, “èyí kò ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo ní ṣakabùlà nílé, n ó kó wọn wá. Ètù nìkan ni n ó kì sí i, n kò ní fi ọta sí i.”

“Ẹ ṣeun púpọ̀, bàbá,” mo dáhùn. “Ṣùgbọ́n bí ètù bá ta sí ọmọ ọlọ́mọ lójú, ẹnu wo ni a ó fi sọ ọ́ nílùú yìí? Ìmọ̀ yín la nílò ju ìbọn yín lọ.”

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó gba igi náà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan, ó fi ìdí rẹ̀ ti èjìká, ó sì fi hàn wá bí ara ṣe máa ń fà sẹ́yìn nígbà tí ìbọn bá dún, àti bí ènìyàn ṣe ń yí ojú kúrò kí èéfín má baà wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wá ní gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìró “kírìjì” tí ogun náà ti gba orúkọ rẹ̀ ni a fi dúróòmù epo òfìfo ṣe: ẹnì kan wà nínú yàrá ẹ̀yìn, ó ń fi ọmọ odó tí a fi aṣọ wé orí rẹ̀ lù ú, ẹnì kejì sì ń mi páànù. Bí ọmọ odó bá kan dúróòmù, àwọn tó wà lórí ìtàgé ni yóò fara fà sẹ́yìn, ojú òǹwòran á sì parí iṣẹ́ tó kù.

Ní ti iná, a gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sẹ́yìn ògiri, a sì fa wáyà gígùn, kí ariwo rẹ̀ má baà bo ohùn wa mọ́lẹ̀. A fi gílóòbù sínú agolo mílíìkì ńlá kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè forí lé ibi kan. A kò lo gbohùngbohùn. Afẹ́fẹ́ ọ̀yẹ́ ń gbẹ ọ̀fun, nítorí náà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà nílẹ̀ fún gbogbo eléré kí wọ́n tó jáde.

Owó tó wọlé jẹ́ ti àwọn ọmọ ìlú tó fi ṣe ọrẹ. Ẹni mẹ́ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀, ẹnì kan kò lè ná an láìjẹ́ pé àwọn méjì fọwọ́ sí i, a sì máa ń ka ìnáwó sétí gbogbo ẹgbẹ́ ní ìparí oṣù. A kò gba owó ìwọlé.

Lálẹ́ ọjọ́ eré, ẹni tó yẹ kó ṣe balógun kejì há sójú ọ̀nà láti Adó, ọkọ̀ rẹ̀ bà jẹ́. Igbákejì rẹ̀ wọ aṣọ, ó jáde, kò sì sí òǹwòran tó mọ̀ pé nǹkan yí padà. Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ ní kí wọ́n gbé ìyàwó Fábùnmi wá, ìyá àgbà kan dìde ní ìlà kejì, ó ń ṣépè fún un ní ojúkojú. Agùnbánirọ̀ náà dúró, ó jẹ́ kí màmá sọ tẹnu wọn tán, ó wá rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. N kò kọ́ ọ ní ìyẹn náà. Nígbà tí àwọn jagunjagun àgbà méjì ń jiyàn nídìí ẹmu, àwọn agboolé méjèèjì ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tiwọn bí ẹni pé ìdíje bọ́ọ̀lù ni.

Ní ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó padà sí Èkó tàbí Àkúrẹ́, a tẹ́ ẹní sílẹ̀, a kó gbogbo ohun tí a yá jọ, a sì ń ka ìwé tí a kọ orúkọ onínǹkan sí: dùndún, agbè, òfì, idà. Aṣọ tó rẹ́ nídìí, aránṣọ wa ti rán an kí a tó dá a padà. Owó tó ṣẹ́kù tó ra wáyà tiwa. Àwọn ọlọ́kadà ní kí a fi kún ipa tiwọn nínú eré ọdún tó ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi ọjọ́ tí ọwọ́ wọn máa ń dilẹ̀.