Bọ́ọ̀sì tó ń lọ wo àwọn ìlú àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: àwọn àṣìṣe tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yẹra fún

Àṣìṣe tó ga jù tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa tó wá kí ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù rèé: tí wọ́n bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tó ń kó èèyàn lọ wo àwọn ìlú àtijọ́, orúkọ ìlú ni wọ́n á máa kà, èyí tórúkọ inú ẹ̀ bá pọ̀ jù ni wọ́n á sanwó ẹ̀. Windsor tí ààfin ọba wà, Stonehenge tí àwọn òkúta ńláńlá àtijọ́ wà, àti Bath tí ilé ìwẹ̀ àtijọ́ wà, lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Windsor tó wákàtí kan, Windsor sí Stonehenge tó wákàtí kan ààbọ̀, ibẹ̀ sí Bath tún tó wákàtí kan, kẹ́ ẹ tó wá padà dé Lọ́ńdọ̀nù á tún gbà tó wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, ìyẹn tí gosilóò ò bá sí o, bẹ́ẹ̀ títì A303 tó gba ẹ̀gbẹ́ Stonehenge kọjá ò fẹ̀ rárá níbẹ̀, tó bá dìgbà ooru ó máa ń dí pa ni. Wákàtí mẹ́fà, ó kéré tán, lẹ máa fi jókòó sínú bọ́ọ̀sì, àwọn ìlú tẹ́ ẹ torí ẹ̀ kúrò nílé á wá di ibi tẹ́ ẹ ti sáré ya fọ́tò. Ìlú méjì tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn dáadáa sàn ju mẹ́rin tẹ́ ẹ kàn gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ má sì sanwó láì mọ ohun tó wà nínú owó yẹn. Àwọn kan ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú, ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lẹ máa tó mọ̀ pé owó mọ́tò nìkan lẹ san, owó ìwọlé ò sí ńbẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ìwọlé Stonehenge, ti Windsor àti ti ilé ìwẹ̀ àwọn ará Róòmù ní Bath kì í ṣe kékeré, pàápàá tẹ́ ẹ bá kó ọmọ dání. Ẹ bi wọ́n ní tààràtà: ṣé a máa wọlé ni àbí ìta la ti máa wò ó? Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wo kàlẹ́ńdà. Ààfin Windsor kì í sábà ṣí fún àlejò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Lọ́jọ́ Àìkú ẹ lè wọ ààfin, àmọ́ ẹni tó wá wòran ò lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì St George's, inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn sì ni wọ́n sin Ọbabìnrin Elizabeth sí ní 2022, òun gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn màmá wa tìtorí ẹ̀ fẹ́ lọ. Ó máa ń dùn mí tí màmá àgbàlagbà bá dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe lónìí.

Ní ti Stonehenge, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rò pé ẹsẹ̀ òkúta yẹn gan-an ni bọ́ọ̀sì máa já àwọn sí. Rárá o. Ibi tí wọ́n ti ń gbàlejò jìnnà sí òkúta tó nǹkan bíi kìlómítà 2.4, ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì kékeré débẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn ín, ìlà tẹ́ ẹ máa tò sì ń jẹ nínú àsìkò yín. Okùn ló yí òkúta ká, ẹ ò lè fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa ibẹ̀ á ní ṣé òkúta lásán nìyí, á yípadà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́! Àwọn òkúta ńláńlá yẹn ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 2500 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n ń wúwo tó tọ́ọ̀nù 25, ibi tí wọ́n sì ti wọ́ wọn wá tó kìlómítà 25, láìsí kírénì, láìsí mọ́tò. Àwọn kéékèèké tó wà láàárín wọn, láti orí òkè Preseli ní Wales ni wọ́n ti wá, ó lé ní kìlómítà 200! Àwọn tó tò wọ́n tún tò wọ́n kó dọ́gba pẹ̀lú ibi tí oòrùn ti ń yọ lọ́jọ́ tí ojúmọmọ gùn jù lọ́dún. Ẹ ka èyí lórí fóònù kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ́tí sí gáìdì, ẹ yọ nǹkan tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ orin yẹn kúrò létí. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fọwọ́ kan òkúta gan-an, ẹ wá bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Avebury, kò jìnnà síbẹ̀, wọn kì í gbowó kẹ́ ẹ tó wo òkúta, òkúta tó yípo níbẹ̀ tóbi débi pé apá kan abúlé wà nínú ẹ̀.

Bath ńkọ́? Ẹ má di aṣọ ìwẹ̀ dání. Omi tó ń sun níbẹ̀ gbóná tó 46°C lóòótọ́, àmọ́ wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ àtijọ́ yẹn mọ́ láti 1978, ẹ má ti ọwọ́ bọ omi náà.

Ọ̀rọ̀ àsìkò wá kù. Bọ́ọ̀sì ò ní dúró dè yín, kì í sì í ṣe pé dírẹ́bà burú: òfin ló ní kó sinmi ìṣẹ́jú 45 tó bá ti wa mọ́tò fún wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, iye wákàtí tó lè fi wa mọ́tò lójúmọ́ náà níye, tẹ́ ẹ bá fi ìṣẹ́jú ogún pẹ́, gbogbo bọ́ọ̀sì lẹ fi pẹ́. Ẹ ya fọ́tò nọ́mbà bọ́ọ̀sì àti ibi tó páàkì sí, ẹ gba nọ́mbà gáìdì. Láàárọ̀ náà, ẹ yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò dáadáa, tó bá kọ Victoria Coach Station, kì í ṣe ibùdó rélùwéè Victoria o, ẹsẹ̀ rírìn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wà láàárín méjèèjì, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ ti ń pàdánù bọ́ọ̀sì. Bẹ́líìtì wà lórí àga, òfin ni kẹ́ ẹ dè é. Kúlà ìrẹsì gbígbóná, ẹ fi sílé, búrẹ́dì àti omi ti tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí ní ìlú Leeds, tẹ́ ẹ bá rí Leeds Castle, ilé olódi àtijọ́ kan, lórí ìwé, ẹ má pè wọ́n pé ẹ ń bọ̀. Kent ni Leeds Castle wà, apá gúúsù, Leeds sì wà lókè lọ́hùn-ún ní Yorkshire.

Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Leeds Castle yẹn sábà máa ń ya Canterbury, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe tó ń dùn mí jù wà. Àwọn èèyàn wa á dé Canterbury, wọ́n á jẹun, wọ́n á ra nǹkan, wọ́n á ya fọ́tò níwájú kàtídírà, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀, wọn ò ní wọlé. Tí wọ́n bá sì wọlé, gáìdì á sọ̀rọ̀ Thomas Becket, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tí wọ́n pa síbẹ̀ ní 1170, ó dáa, ó yẹ kéèyàn gbọ́ ọ. Àmọ́ inú kàtídírà yìí kan náà ni wọ́n ti fi Samuel Ajayi Crowther joyè bíṣọ́ọ̀bù ní June 29, 1864! Ọmọ Òṣoògùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, òun ló kọ́kọ́ di bíṣọ́ọ̀bù nínú àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìjọ Áńgílíkà, òun náà ló ṣe bẹbẹ nínú títúmọ̀ Bíbélì tá à ń kà dòní sí Yorùbá. Ó ṣe wá jẹ́ pé ọmọ Yorùbá á dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, á yípadà láì mọ̀? Ẹ sọ fáwọn ọmọ kẹ́ ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ bi gáìdì nípa Crowther lójú gbogbo èèyàn, kí àwọn tó kù náà gbọ́. Ẹ má lọ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìsìn máa ń wà. Tí wọ́n bá sì fún yín ní wákàtí méjì péré, inú kàtídírà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀, àwọn ilé oúnjẹ wà lẹ́bàá géètì, ẹ lè jẹun tẹ́ ẹ bá jáde.