Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Ọ̀mọ̀wé Kí Sẹmínà Àkọ́kọ́ Tó Dé

Àkọ́kọ́ ni sísan owó lórí ohun tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí lórí ohùn nínú èdè Yorùbá kò ní láti ná kọ́bọ̀ lórí Praat, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò, tàbí lórí ELAN, tí a fi ń ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀. Síbẹ̀, mo máa ń rí akẹ́kọ̀ọ́ tó sanwó gidi kí wọ́n tó bá a gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà.

Èkejì ni kí ènìyàn dìde kí ó ní kò tíì sí ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí kókó òun. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìjálá, nígbà tí ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kọ lé e lórí ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1966. Ẹ sọ ohun tí wọ́n ti ṣe, kí ẹ sì sọ ibi tí wọ́n bá a dé.

Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí jù, ìyẹn ni kí a ti máa gba ohùn kiri kí a tó ní ìbéèrè. Mo jìyà rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rò pé àwọn àgbà yóò fojú tín-ín-rín mi bí mo bá dé sẹmínà, níbi tí a ti ń gbé iṣẹ́ wa kalẹ̀ níwájú wọn, lọ́wọ́ òfo. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo gbé obì àti ọtí fún àwọn ọdẹ bó ti yẹ, mo sì gba ìjálá wákàtí 19 sílẹ̀ sórí fóònù. Lọ́jọ́ sẹmínà, mo fi ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ sí i kí wọ́n gbọ́. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ló ṣáájú, ewúrẹ́ gbè é, ohùn baba ọdẹ sì ń bọ̀ lẹ́yìn bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga. Ìyá kan tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ mọ̀ gan-an?" N kò rí èsì fọ̀.

Ìbéèrè tí mo padà ní ni bóyá ohùn orí ọ̀rọ̀ máa ń yí padà bí a bá ń sun ìjálá. Láti dáhùn rẹ̀, ẹnì kan náà ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan náà lásán, kí ó sì tún fi sun ìjálá, níbi tó pa rọ́rọ́. Kò sí ìṣẹ́jú kan nínú wákàtí 19 náà tó wúlò fún un, bẹ́ẹ̀ ni mo ti fi odindi ọjọ́ mẹ́ta ṣe àdàkọ wákàtí kan ṣoṣo pẹ̀lú àmì ohùn. Mo tún owó náà ná. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi bí mo bá rí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ tó ti ń wá owó ọkọ̀ kiri. Ìbéèrè kan, ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà dáhùn rẹ̀, àti ìṣẹ́jú 5 ohùn ẹnì kan tí ẹ fi dán ọ̀nà náà wò ti tó gbé lọ, nítorí pé àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe fún yín nígbà náà kò ní í ná yín ní nǹkan kan.

Bí ẹ bá dé sẹmínà, ẹ má fi ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò yín kí àwọn àgbà.

Ẹ má kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ bákan náà níwájú onímọ̀ èdè. Ẹ sọ iṣẹ́ yín di PDF kí ẹ tó gbé e lọ, torí mo ti rí i tí gbogbo lẹ́tà tó ní àmì di àpótí kékeré òfìfo lára ògiri tí wọ́n ń tan iṣẹ́ náà sí, tí akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ń fi ẹnu ṣàlàyé ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Bí wọ́n bá sì bi yín ní ìbéèrè, ẹ má jiyàn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó béèrè, kí ẹ sì tọ̀ ọ́ lọ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ọjọ́ kejì ni mo tọ ìyá yẹn lọ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé ìdánwò àtijọ́ kan tó wà lórí tábìlì rẹ̀ la ti jọ kọ ìbéèrè mi.