Oòrùn àti Awọ Ara: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Bí àgbẹ̀ bá bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ lálẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti ń kọ ebè, yóò rí i pé ibi tí okùn aago bò mọ́ ju ìyókù apá lọ. Àwọn kan gbà pé àwọ̀ tó jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ àmì pé ara le. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí wọ inú awọ, ó pa á lára, awọ náà sì pèsè èròjà dúdú tí wọ́n ń pè ní mẹ́lánìn láti fi ṣe agboòrùn fún ara rẹ̀. Àpá ìjà ni dídú náà. Nítorí náà, kò sí ìdí láti máa yá oòrùn kí ara lè dú sí i. Àwọn tó ń sùn sábẹ́ iná ìdáràdú (iná tó ń tan irú ìtànṣán yìí sára kí ara lè dú) lókè òkun gan-an, ọdún 2009 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí jẹjẹrẹ ti ka iná náà mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn máa ń le jù. Ẹni tí kò ní aago lè ri ọ̀pá ọkọ́ mọ́lẹ̀: bí òjìji ọ̀pá bá ti kúrú ju ọ̀pá fúnra rẹ̀ lọ, àsìkò tó láti wọ abẹ́ igi obì ti tó. Ẹ jẹ́ kí ìroko bọ́ sí ìdájí, kí ẹ máa bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ àtíbàbà, kí ẹni tó ń sá láfún sì tẹ́ ẹ láàárọ̀, kó má jókòó tì í títí ọ̀sán. Ìkùukùu kò dí ìtànṣán náà tán, nítorí náà kí ọjọ́ tó ṣú má tàn yín jẹ.

Aṣọ ló kéré lówó jù lọ nínú gbogbo ààbò. Akẹtẹ̀ etí gbòòrò ń bo ojú, etí àti ẹ̀yìn ọrùn, ṣùgbọ́n fìlà lásán fi etí sílẹ̀ gbalasa (àyàfi abetí ajá tí a bá rọ etí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣòro láti rí ẹni tó ń wọ̀ ọ́ lọ sóko). Ẹ na bùbá apá gígùn sókè sójú ìmọ́lẹ̀; bí ẹ bá ń ríran kọjá nínú rẹ̀, oòrùn náà yóò kọjá. Èyí kan léèsì oníhò tí a ń wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń jókòó sínú oòrùn fún wákàtí púpọ̀.

Àwọn àfín ló yẹ kí ìdílé kọ́kọ́ náwó lé lórí, nítorí pé mẹ́lánìn tó ń gba àwa yòókù sílẹ̀ kò tó lára wọn tàbí kò sí rárá. Etí, ètè, ẹ̀yìn ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́ ni egbò ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, láti orí èépá kékeré tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí a bá họ ọ́, tí ó sì lè di jẹjẹrẹ. Ẹ má fi ọmọ àfín ṣọ́ ẹyẹ lóko ọ̀sán. Ẹ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó lè wọ fìlà ní pápá, kó sì jókòó síwájú, nítorí ojú rẹ̀ kì í sábà ríran jìnnà. Ìpara adènà oòrùn tí nọ́ńbà SPF (ìwọ̀n bó ṣe ń dènà oòrùn tó) lára páálí rẹ̀ jẹ́ 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kẹ́ ẹ rà. Kí a fi í para kó tó jáde, kí a sì tún un fi ní wákàtí méjì-méjì, pàápàá bó bá làágùn. Òrí àti àdí ń mú ara rọ̀, wọn kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹni tó ti ń fi ìpara bó ara ti fọwọ́ ara rẹ̀ ká agboòrùn rẹ̀ kúrò. NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin de mẹ́kúrì (èròjà olóró tó ń bó ara) nínú ìpara, síbẹ̀ a ṣì ń rí ìpara tí kò ní nọ́ńbà àjọ náà lọ́jà. Àwọn kan máa ń béèrè bóyá kí àwọn yá oòrùn kí àwọ̀ lè padà. Rárá o: oòrùn yóò sọ ojú di àdíkálà, oríkèé ìka á sì dú ju ìyókù lọ. Ẹ kọ́kọ́ dáwọ́ ìpara dúró, kí ẹ sì lọ rí dókítà awọ.

Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó bá ta sí ọwọ́ lè di ìléròrò àti àbàwọ́n dúdú bí oòrùn bá pa á. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó jáde. Àwọn oògùn kan, bíi doxycycline tó ń pa kòkòrò àrùn, tún máa ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó ara.

Ìkókó tí ojú rẹ̀ pọ́n bí atalẹ̀ pupa kò yẹ ní gbígbé sínú oòrùn kí ó lè san. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ máa wo abẹ́ ẹsẹ̀ àti èékánná pẹ̀lú. Jẹjẹrẹ awọ tó ń mú aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ kì í ti ọwọ́ oòrùn wá, àgbẹ̀ sì lè rò pé ẹ̀gún ló gún òun. Àmì dúdú tó ń fẹ̀ sí i, tàbí egbò tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ gbé e lọ fún dókítà kó yẹ̀ ẹ́ wò.