Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja, ẹ wọn álọ́ọ̀mù kí ẹ tó dà á

Omi tí a ń tú kúrò nínú kòtò ẹja àrọ̀ kì í ṣe omi lásán. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán àti ìgbẹ́ rẹ̀ ti kó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà kan tó ń bọ́ ewéko, sínú rẹ̀, òun gan-an ló sì ń mú kí ewédò àti òjúoró gbilẹ̀. Bí ewédò bá kú sínú odò, tó sì ń jẹrà, á gba afẹ́fẹ́ inú omi mọ́ ẹja odò lọ́wọ́.

Bí ilẹ̀ bá wà, ẹ kọ́kọ́ fi omi yìí rin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àgbàdo, torí ajílẹ̀ ni. Èyí tó jẹ́ pé gọ́tà ló máa lọ la fẹ́ fi álọ́ọ̀mù tọ́jú, álọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa ń fi mú omi tòrò. Àlùmínọ́ọ̀mù inú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, àwọn méjèèjì á sì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Omi ọjọ́ tí a fọ kòtò kì í ṣe ẹgbẹ́ omi ọjọ́ mìíràn. Bí álọ́ọ̀mù bá kéré, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì á ṣẹ́kù. Bó bá pọ̀ jù, omi á kan, àlùmínọ́ọ̀mù á yọ́ sínú rẹ̀, ìyẹn sì lè pa ẹja.

Ẹ yọ́ gíráàmù 10 álọ́ọ̀mù lílọ̀ sínú lítà 1 omi tó mọ́. Ẹ bu omi kòtò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, lítà 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi síríńjì fa omi álọ́ọ̀mù náà: mìlílítà 50 sí àkọ́kọ́, 100 sí èkejì, 150 sí ẹ̀kẹta, 200 sí ẹ̀kẹrin. Ẹ rò ó kíákíá fún ìṣẹ́jú 1, lẹ́yìn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30.

Omi lè tòrò kedere kí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ṣì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ra oògùn àyẹ̀wò fọ́síféètì (irú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó yọ́ sínú omi), èyí tí a ń kán sínú omi tí àwọ̀ omi fi ń yí padà, àti bébà pH, èyí tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn: bí pH bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí álọ́ọ̀mù rẹ̀ kéré jù lọ, tí fọ́síféètì rẹ̀ ti wálẹ̀ dáadáa, tí pH rẹ̀ kò sì kéré sí 6, òun ni kí ẹ mú. Iye mìlílítà tó wọ inú rẹ̀ náà ni iye gíráàmù álọ́ọ̀mù tí táǹkì lítà 1,000 ń fẹ́: bó bá jẹ́ 100 níbí, 100 náà ni lọ́hùn-ún.

Inú kòtò tí kò sí ẹja ni kí ẹ ti lò ó. Bí ẹ bá yí oúnjẹ ẹja padà, tàbí tí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ tún àyẹ̀wò bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe. Ẹ kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà kúrò kó tó kún, kí ẹ sì sá a síbi tí àgbàrá kò ti lè wọ́ ọ lọ sódò.