Ẹ yé fi owó kajú ṣòfò ní kóòtù: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ẹjọ́ ilẹ̀ wa

Ó ti sú mi láti máa rí àwọn èèyàn wa ní Kàbà, Ìyàrá àti Ìsánlú tí wọ́n ta iṣu, tí wọ́n ta kajú, tí wọ́n tún yáwó lé e, nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ tí wọn kò múra rẹ̀ rárá.

1. Ẹ má ra ilẹ̀ ẹbí lọ́wọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó sọ pé òun ń wá owó. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti là á yé wa láti 1959: bí àwọn àgbà ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá sì dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsọ fún àwọn àgbà, wọ́n lè ní kí kóòtù fagi lé e.

2. Ẹ má sùn lé ìdájọ́. Oṣù mẹ́ta péré lẹ ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ìdájọ́ ìkẹyìn ilé ẹjọ́ gíga nínú irú ẹjọ́ yìí.

3. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ẹni tó bá ní kí kóòtù kéde pé òun ló ni ilẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi dúró. Ẹjọ́ Kodilinye àti Odu ló fi èyí lélẹ̀ ní 1935, àwọn adájọ́ wa sì ń tẹ̀ lé e títí dòní. Bí olùjẹ́jọ́ tilẹ̀ parọ́ ńlá, irọ́ rẹ̀ kò sọ ilẹ̀ di tìrẹ. Àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá sọ ohun tó gbe ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀, ìyẹn o lè mú lò.

Nígbà tí iṣẹ́ lọ́yà yìí ṣì tuntun lọ́wọ́ mi, bàbá àgbẹ̀ kan kó ẹlẹ́rìí méje wá. Gbogbo wọn fẹ́ jẹ́rìí pé àjèjì ni bàbá àgbà ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́, pé àánú ni wọ́n fi yọ̀ǹda oko fún un. Ọdún mẹ́rin ni bàbá yìí fi ń san owó ọkọ̀ wọn, tó ń bọ́ wọn. Ọjọ́ tó bọ́ sí àpótí ẹlẹ́rìí, lọ́yà kejì bi í pé, "Bàbá, ta ló kọ́kọ́ ṣán igbó yẹn?" Ó ní bàbá òun jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀ ni. "Ta ni ìyẹn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?" Ó dákẹ́, ó wá ní, "Tiwa ni láti ìṣẹ̀ǹbáyé." Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹjọ́ ti parí. Èmi ló yẹ kí n ti bi í ní ìbéèrè yẹn kí a tó kọ ìwé kankan. Mi ò bi í, ó sì ń dùn mí dòní.

Bí ìtàn lẹ bá gbára lé, nǹkan mẹ́ta ni ẹjọ́ Akinloye àti Eyiyilola (1968) ní kí ẹ sọ: ẹni tó tẹ ilẹ̀ náà dó, ọ̀nà tó gbà ní in, àti orúkọ àwọn tó jogún rẹ̀ títí dé orí yín, láìfo ẹnì kankan. Ìtàn nìkan kọ́ ni ọ̀nà o. Márùn-ún ni Idundun àti Okumagba kà ní 1976: ìtàn, ìwé, lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀, pípẹ́ lórí rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ohun tó lè sọ.

Ìwé náà ńkọ́? Romaine àti Romaine (1992) ní kí adájọ́ wádìí bóyá ojúlówó ni, àti bóyá ẹni tó fún yín ló ni ohun tó ń fún yín lóòótọ́.

Ààlà pẹ̀lú. "Láti odò títí dé ibi tí kajú pin sí" kì í ṣe ààlà, torí aládùúgbò yín náà ti gbin kajú tirẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ pe awọnlẹ̀ kí ẹ tó pe ẹjọ́.

Ní báyìí, ẹni tó bá gbé ẹjọ́ ilẹ̀ wá bá mi, bébà òfìfo ni mo kọ́kọ́ ń gbé síwájú rẹ̀, kí ó to orúkọ sí i láti orí ẹni tó kọ́kọ́ ṣán igbó. Bí àlàfo bá wà níbẹ̀, mo máa ń dá a padà sílé kó lọ bi àwọn àgbà, kó tó fún mi ní kọ́bọ̀.