Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ: bí mo ṣe ya fọ́tò ìyá àgbà kan n'Iléṣà

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi onífọ́tò, mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ya ìyá ọ̀rẹ́ mi kan l'Ókèṣà fún yín, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń bá wàhálà yìí yí: èèyàn dúdú, aṣọ funfun, fọ́tò ò gbọ́. Àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo fi wọn ìmọ́lẹ̀, ẹ máa rí bí mo ṣe ṣe é. Màmá ń múra ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún, wọ́n fẹ́ fọ́tò ńlá kan tí wọ́n máa gbé kọ́ sí pálọ̀, wọ́n sì ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n tó gbé kámẹ́rà jáde. "Má gé ẹsẹ̀ mi o, má sì sọ mí di òyìnbó."

Wọ́n ní káwọn ọmọ gbé álíbọ́ọ̀mù wá, mo wá rí ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn fọ́tò dúdú-àti-funfun ìgbà ọ̀dọ́ wọn mọ́lẹ̀ kedere, ẹ lè ka ìlà pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Nígbà tó wá di ti aláwọ̀, ojú ṣókùnkùn, gèlè nìkan lẹ máa rí. Àwọn tí wọ́n fi fóònù yà lóde àríyá láìpẹ́ yìí ló wá burú jù lójú tèmi, àpù ti fọ ojú wọn, ó ti fọ pélé náà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí sì nítàn. Láyé fíìmù, Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sáwọn tó ń fọ fọ́tò aláwọ̀, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí ẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é, tí awọ Shirley bá ti jáde dáadáa, wọ́n gbà pé gbogbo ẹ̀ ti dáa nìyẹn. Nígbà tí wọ́n máa tún fíìmù yẹn ṣe kó lè gbé àwọ̀ dúdú, ẹjọ́ àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àtàwọn tó ń ṣe àga onígi wà lára ohun tó sún wọn ṣe é, wọ́n ní ọjà àwọn ò hàn dáadáa nínú fọ́tò. Ṣokoléètì o! Tiwa ń bẹ níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Lórí fóònù, ọdún 2021 ni Google ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Real Tone, ètò tó ń jẹ́ kí àwọ̀ dúdú hàn bó ṣe rí, jáde sórí fóònù wọn, Pixel 6. Ìyẹn ni mo fi sọ pé ká mọ ohun tí kámẹ́rà ń rò, ká tó gbà á gbọ́.

Ohun tó ń rò nìyí. Kò mọ èèyàn, kò mọ aṣọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára nǹkan ló ń wọ̀n, ó sì gbà pé ohunkóhun tó bá wà níwájú òun, tá a bá pò ó pọ̀, àwọ̀ eérú ló máa jẹ́, èyí tó ń dá nǹkan bíi 18% ìmọ́lẹ̀ padà. Tí léèsì funfun bá kún inú fọ́tò, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á fà á sẹ́yìn, léèsì á dọ̀tí, ojú màmá á dà bí èédú. Tẹ́ ẹ bá tún ní ojú nìkan ni kó wọ̀n, á ní ibí ti ṣókùnkùn jù, á da ìmọ́lẹ̀ sí i, ojú á funfun jù, iṣẹ́ ọnà ara léèsì á sì pòórá pátápátá. Mo ya méjèèjì fún ọ̀rẹ́ mi kó lè fojú ara ẹ̀ rí i.

Kámẹ́rà tí mo lò ò le rárá, Canon 600D, tòkunbọ̀, kámẹ́rà tó jáde ní 2011, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 50mm f/1.8. Ẹ má tìtorí kámẹ́rà tuntun jẹ gbèsè. Ibi tẹ́ ẹ máa gbé èèyàn jókòó sí ló ṣe pàtàkì. Mo gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sábẹ́ òrùlé, níbi tí oòrùn ò ti kan màmá àmọ́ tí ojú ọ̀run wà gbalasa níwájú wọn, àárọ̀ ni, ọyẹ́ sì ti jẹ́ kí gbogbo ìmọ́lẹ̀ rọ̀. Mi ò lo fíláàṣì. Màmá ti fi òrí pa ara nítorí ọyẹ́, dídán yẹn gan-an ló sì ń jẹ́ ká rí bí ojú dúdú ṣe rí, bí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe yọ, bí iwájú orí ṣe tẹ̀. Fíláàṣì kékeré á kó dídán náà jọ sójú kan, ẹ máa rí àmì funfun pẹ́ńpẹ́ níwájú orí àti lórí imú, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run tó fẹ̀ á tẹ́ ẹ káàkiri.

Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ tó bá jẹ́ ilẹ̀ wa níbí lẹ ti ń yà á: ilẹ̀ pupa. Ìmọ́lẹ̀ á kan ilẹ̀, á ta padà sókè, abẹ́ àgbọ̀n á pọ́n, abẹ́ imú á pọ́n, ẹ máa rò pé lẹ́ǹsì ló bàjẹ́. Mo ní kí wọ́n bá mi mú aṣọ funfun tí wọ́n fi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wá, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ màmá, níbi tí kò ní wọ fọ́tò. Pípọ́n yẹn lọ lójú ẹsẹ̀, ihò ojú wọn sì mọ́lẹ̀ sí i.

Mo kọ́kọ́ gbé àga kọjú síta gbangba, pélé ò hàn. Ìlà tó wọnú awọ nílò òjìji díẹ̀ kó tó yọ, tí ìmọ́lẹ̀ bá ti iwájú wá tààrà, á dí i. Mo bá yí àga díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ti ẹ̀gbẹ́ òsì wọn wá, ni pélé bá yọ kedere.

Ìjókòó ńkọ́? Mi ò kọ́ wọn. Wọ́n jókòó gbọnrangandan, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan, wọ́n wo kámẹ́rà, bí wọ́n ṣe ń jókòó fún fọ́tò látìgbà èwe wọn nìyẹn. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tó lọ wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò n'Ílàá Ọ̀ràngún, kọ̀wé lórí irú ìjókòó yìí ní 1978, pé ìlànà tiwa ni, iyì àgbà ló ń gbé yọ. Èmi ò rí ìdí tá a fi ń ní káwọn ìyá wa máa fọwọ́ lérán bí ọmọge. Kí ẹsẹ̀ lè wọlé, mo sún sẹ́yìn tó bíi mítà mẹ́ta ààbọ̀, mo gbé kámẹ́rà dúró lóòró, mo lóṣòó kí lẹ́ǹsì lè wà ní déédéé àyà wọn. Tẹ́ ẹ bá fi lẹ́ǹsì 18mm, èyí tó ń gba ibi tó fẹ̀, sún mọ́ wọn, orúnkún á tóbi ju orí lọ.

Ó wá kan àtẹ́lẹwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ wa ò dúdú bí ojú wa, ó sì máa ń mọ́lẹ̀ ju àwọ̀ eérú kámẹ́rà lọ ní nǹkan bí stop kan, ìyẹn ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀. Mo yí kámẹ́rà sí M, níbi tí èmi fúnra mi ti ń tò ó, mo yan spot metering, kó lè wọn ìmọ́lẹ̀ àárín fọ́tò nìkan, mo dúró ti màmá, mo na àtẹ́lẹwọ́ mi síbi ojú wọn, mo jẹ́ kó kọjú síbi tí ojú wọn kọ sí, mo sún kámẹ́rà mọ́ ọn títí ó fi bo àárín pátápátá, kò dìgbà tó bá mú kedere. Mo wá yí shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó, títí àmì òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ inú kámẹ́rà fi dé +1. Ó fún mi ní f/5.6 (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó), 1/125 ìṣẹ́jú àáyá, ISO 400 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí). Mo fi síbẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. f/5.6 náà tó láti mú orúnkún dé gèlè jáde kedere níbi tí mo wà.

Ibi tí mo ti gbádùn ẹ̀ jù ni ìgbà tí wọ́n lọ pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n bọ́ léèsì, wọ́n wọ ẹtù tó dúdú dáadáa, ọ̀rẹ́ mi ní ṣé mi ò ní tún kámẹ́rà tò ni. Rárá o, ìmọ́lẹ̀ ò tíì yí padà, àtẹ́lẹwọ́ mi ò sì yí padà. Mo yà á bẹ́ẹ̀, a gbé méjèèjì síra lórí kọ̀ǹpútà, ojú kan náà ni, àwọ̀ kan náà, aṣọ ló yàtọ̀.

RAW ni mo yà, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, torí náà iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà ò pọ̀. Mo tún white balance ṣe, kí funfun lè jẹ́ funfun, mo gbé òjìji sókè díẹ̀, mi ò jẹ́ kí ohunkóhun tó ń fọ ojú débẹ̀. Fọ́tò orí bébà máa ń ṣókùnkùn ju ti ojú kọ̀ǹpútà lọ, mo fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún èyí tí mo fẹ́ tẹ̀, mo sì bẹ ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́ kó pa auto ẹ̀rọ ẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí. Ẹ tẹ kékeré wò ná kẹ́ ẹ tó sanwó ńlá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo fóònù, ẹ lè ṣe é náà. Ẹ gbé èèyàn yín sábẹ́ òrùlé bí mo ṣe sọ, ẹ fọwọ́ tẹ ojú ẹ̀ lórí fóònù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi máa tì í pa, kẹ́ ẹ wá fa àmì oòrùn kékeré yẹn sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí awọ fi máa jọ èyí tẹ́ ẹ ń rí lójúkojú. Kẹ́ ẹ sì pa beauty, ohun tó ń fọ ojú, tó wà nínú ẹ̀, lórí ọ̀pọ̀ fóònù ó ti wà ní títàn kẹ́ ẹ tó rà á.