Bí mo ṣe ń ránṣọ láì já oníbàárà kulẹ̀

Aṣọ mẹ́rin péré ni mo lè rán dáadáa lọ́sẹ̀ kan. Ẹ ka tiyín náà: iye tí ẹ parí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe iye tí ẹ gbà. Tí ìwé mi bá ti kún, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa ń dá fún oníbàárà, kódà bí Iléyá bá kù díẹ̀.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ máa gé aṣọ, kí ojú tó rẹ̀ yín. Léèsì tí àlùmọ́gàjí bá ti kọjá lára rẹ̀ kò ṣeé dá padà. Mo gé apá òsì méjì lálẹ́ ọjọ́ kan. Èmi ni mo ra léèsì mìíràn. Ẹ gbé fóònù jìnnà títí ẹ ó fi gé tán. Gígán bọ́tìnnì àti lílọ aṣọ lè dúró di ọ̀sán.